Ìyá Tí Kò Dákẹ́

Yorùbá ní ìyá ni wúrà. A máa ń sọ ọ́ ní ọjọ́ àjọ̀dún àwọn ìyá, a ó jó, a ó sì fún wọn ní ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n ìyá kan wà tí a kì í sábà pè síwájú ní ọjọ́ náà. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti pé ọmọ ọdún 4 tí kò tíì pè é ní "Màmá" rí ni. Ẹ̀yìn pátápátá ni ó máa ń jókòó sí, nítorí ó mọ̀ pé bí ìlù bá ti ròkè, ọmọ òun yóò fi ọwọ́ di etí méjèèjì, yóò figbe ta, gbogbo ìjọ yóò sì yíjú wo òun. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, mo sì fẹ́ kí àwa yòókù fetí sílẹ̀ pẹ̀lú.

OHUN TÍ Ó Ń ṢE ỌMỌ NÁÀ

Ọ́tísìmù ni orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pe ipò yìí. Kì í ṣe àrùn tí ń ràn, kì í sì í ṣe wèrè. Bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ó yàtọ̀ láti kékeré wá. Òmíràn kì í dáhùn bí a bá pe orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni etí rẹ̀ kò di. Òmíràn kì í nàka sí ohun tí ó ń fẹ́, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni yóò fà lọ síbẹ̀. Òmíràn a máa to ìdérí ìgò sí ìlà kan ṣoṣo láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá sì yí ọ̀kan padà, ẹkún dé. Àwọn kan kò sọ̀rọ̀ rárá. Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n tilẹ̀ mọ ìwé, ṣùgbọ́n wọn kò mọ bí a ṣe ń bá ẹgbẹ́ ṣe.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, ó tó ẹnì kan nínú ènìyàn 127 tí ó wà ní ipò yìí. Ìjọ wo ni kò ní ènìyàn 127? Àwọn onímọ̀ rí i pé ohun tí ọmọ jogún nínú ẹ̀jẹ̀ ni ó kó ipa tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́ ni ó fà á. Ọwọ́ tí ìyá fi tọ́ ọmọ kọ́ ni ó fà á. Kò sí oògùn tí ń mú un kúrò, ṣùgbọ́n bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ náà ní ọ̀nà tí ó lè gbà yé e, ó máa ń ràn án lọ́wọ́ gidigidi.

"TA NI Ó FÀ Á?"

Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Bíbélì, olùkọ́ tí ó kọ́ wa ní ìwé Ìhìn Rere pẹ́ púpọ̀ lórí ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú nínú Jòhánù orí 9. Ó ní kí a ṣàkíyèsí nǹkan kan. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn kò béèrè orúkọ ọkùnrin náà, wọn kò béèrè bóyá ó ti jẹun. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ẹni tí ó dẹ́ṣẹ̀, bóyá òun ni tàbí àwọn òbí rẹ̀. Olúwa wa kò dá òun lẹ́bi, kò sì dá àwọn òbí rẹ̀ lẹ́bi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó po amọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Olùkọ́ wa ní àwọn kan ń fi afọ́jú ṣe àríyànjiyàn, Ẹnì kan sì ń fi í ṣe iṣẹ́.

Ìbéèrè náà kò tíì tán lẹ́nu ayé. Láàárín wa níbí, àwọn kan á ní emèrè ni ọmọ náà. Àwọn kan á ní wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ rìn ní ọ̀sán gangan nínú oyún. Ẹ sì mọ bí a ṣe ń pín ọmọ nílẹ̀ Yorùbá: èyí tí ó bá dára, ti bàbá ni, èyí tí kò bá dára, ti ìyá ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwa nìkan ni. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1943, dókítà kan tí ń jẹ́ Leo Kanner kọ̀wé nípa àwọn ọmọ 11 tí wọ́n wà ní ipò yìí, ó sì mẹ́nu kan bí àwọn òbí kan nínú wọn ṣe tutù sí ọmọ. Àwọn mìíràn gba ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì sọ ọ́ di ẹjọ́. Ní ọdún 1967, Bruno Bettelheim, ẹni tí ó ń darí ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ ní Yunifásítì Chicago, gbé ìwé ńlá jáde tí ó di ẹ̀bi náà ru àwọn òbí. Wọ́n ń pe irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní ìyá tí ó tutù bí fìríìjì. Ẹ ronú wò ná. Ìyá tí kò fojú ba oorun ní òru, tí ó ń sá tẹ̀lé ọmọ kiri, yóò dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, wọn yóò sì sọ fún un pé àìnífẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó ba ọmọ náà jẹ́. Ohun tí wòlíì kan ń sọ fún ìyá níhìn-ín ni ọ̀jọ̀gbọ́n ń sọ fún ìyá lọ́hùn-ún. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà nìkan ni ó yàtọ̀.

BÍ MO ṢE GBỌ́ NÍPA RUTH SULLIVAN

Arákùnrin kan tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa rí ń gbé ní Amẹ́ríkà báyìí. Ọmọkùnrin rẹ̀ wà ní ipò tí mo ń sọ yìí. Ní ọjọ́ kan tí a jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní láti ìgbà tí ọmọ náà ti pé ọmọ ọdún 3 ni ilé-ìwé ìjọba ti gbà á. Bọ́ọ̀sì ń gbé e ní ẹnu ọ̀nà ilé. Olùkọ́ kan wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kí ó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ lọ. Lọ́dọọdún, àwọn olùkọ́ á jókòó pẹ̀lú òun àti ìyàwó òun, wọn á jọ kọ ohun tí ọmọ náà yóò kọ́ ní ọdún náà sílẹ̀. Wọn kì í gba kọ́bọ̀.

Mo bi í pé, "Ṣé nítorí pé o mọ ẹnì kan níbẹ̀ ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Rárá sà, òfin ni. Ọmọ àlejò tí ó dé lánàá náà wà nínú rẹ̀." Mo ní báwo ni irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣe dé? Ó ní àwọn òbí ni wọ́n jà fún un, ó sì ní kí n wá ìtàn obìnrin kan tí ń jẹ́ Ruth Sullivan. Mo wá a, mo sì rí i.

Ní ọdún 1924 ni wọ́n bí Ruth Christ Sullivan. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó fẹ́ olùkọ́ yunifásítì kan, Ọlọ́run sì fún wọn ní ọmọ 7. Joseph, ọmọ karùn-ún, ni wọ́n bí ní ọdún 1960. Kò pẹ́ tí ó fi hàn pé Joseph yàtọ̀ sí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àwọn oníṣègùn sì sọ pé ọ́tísìmù ni. Ẹ gbà mí láyè kí n béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ayé ìgbà náà. Obìnrin tí ó ti tọ́ ọmọ 4 ṣáájú, tí ó sì tún tọ́ 2 lẹ́yìn, ṣé ọmọ karùn-ún nìkan ni ìfẹ́ rẹ̀ kò tó?

Ruth kò gba ẹ̀bi náà. Ní ọdún 1964, Bernard Rimland, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tí òun náà ní ọmọkùnrin tí ó ní ọ́tísìmù, tẹ ìwé kan jáde láti fi hàn pé inú ara ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, kì í ṣe láti ọwọ́ ìyá. Ruth kọ lẹ́tà sí i. Ní ọdún 1965, àwọn méjèèjì àti àwọn òbí mìíràn pàdé, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà, èyí tí à ń pè ní Autism Society lónìí. Ruth ni ààrẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ìyá ọlọ́mọ 7 ni, kì í ṣe ẹni tí ó ráyè.

Ní ọdún 1969, ẹgbẹ́ náà ṣe ìpàdé ní ìlú Washington. Leo Kanner fúnra rẹ̀, ẹni tí ó kọ ìwé ọdún 1943 nì, dìde níwájú àwọn òbí náà, ó sì kéde pé òun dá wọn láre. Ọdún 26 ni ó wà láàárín ìwé yẹn àti ìdáláre yìí. Mo máa ń ronú nípa àwọn ìyá tí wọ́n ti kú láàárín àkókò náà, tí wọ́n gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tiwọn wọ ibojì.

Ó KAN ÌLẸ̀KÙN TÍTÍ Ó FI ṢÍ

Ìdáláre dára, ṣùgbọ́n ìdáláre kò kọ́ ọmọ ní ìwé. Ní àkókò yẹn, ilé-ìwé ìjọba ní Amẹ́ríkà lè sọ fún òbí pé àwọn kò gba irú ọmọ yìí, ọ̀rọ̀ sì parí. Nígbà tí ilé aṣòfin wọn wo ọ̀rọ̀ náà, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n ní ìpèníjà lé ní mílíọ̀nù 8, pé èyí tí ó ju ìdajì lọ kò rí ẹ̀kọ́ tí ó bá wọn mu, àti pé mílíọ̀nù kan ni a ti síta pátápátá kúrò nínú ilé-ìwé ìjọba.

Ruth àti àwọn òbí bíi tirẹ̀ káàkiri kò simi. Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n lọ bá àwọn aṣòfin, wọ́n sọ ohun tí ojú wọn ń rí. Ẹ rántí opó inú Lúùkù orí 18, tí ó ń lọ sí ọ̀dọ̀ adájọ́ tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, tí kò sì ka ènìyàn sí. Kò ní owó, kò ní ọkọ tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ tí ó fi ń lọ tí ó fi ń bọ̀ ni ó ní. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1975, Ààrẹ Gerald Ford fọwọ́ sí òfin pé gbogbo ọmọ tí ó ní ìpèníjà ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bá a mu ní ilé-ìwé ìjọba. Joseph ti di ọmọ ọdún 15 nígbà náà. Ọ̀pọ̀ nínú ọdún tí ó yẹ kí òun fi jèrè òfin náà ti kọjá lọ. Ní ọdún 1990, wọ́n tún òfin náà ṣe, wọ́n sì dárúkọ ọ́tísìmù nínú rẹ̀ gbangba. Òfin yìí ni ó gbé bọ́ọ̀sì dé ẹnu ọ̀nà ọmọ Yorùbá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ọdún 1969 ni ìdílé Sullivan ti kó lọ sí ìlú Huntington ní ìpínlẹ̀ West Virginia. Níbẹ̀, ní ọdún 1979, Ruth dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí ń tọ́jú àwọn tí wọ́n ní ọ́tísìmù, títí kan àwọn tí wọ́n ti dàgbà. Ó tún padà sí yunifásítì, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1984, nígbà tí ó pé ẹni 60 ọdún.

Ọ̀pọ̀ yín lè ti gbọ́ nípa fíìmù Rain Man, tí ó jáde ní ọdún 1988. Nígbà tí òṣèré Dustin Hoffman ń múra láti kó ipa ọkùnrin tí ó ní ọ́tísìmù, Joseph wà lára àwọn tí ó wò láti kọ́ ìṣe wọn. Fíìmù náà jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ayé gbọ́ orúkọ ọ́tísìmù fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má retí pé ọmọ òun gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò bíi ti inú fíìmù kí ó tó ní iyì. Iyì ọmọ kò sí nínú ohun àrà tí ó lè ṣe.

Ruth kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ní ẹni ọdún 97. Joseph kò ṣíwọ́ jíjẹ́ ẹni tí ó ní ọ́tísìmù. Ìyá rẹ̀ kò dúró de ìyẹn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

ARÁBÌNRIN KAN LÁÀÁRÍN WA

Arábìnrin kan wà nínú ìjọ wa tí ń ta èlùbọ́ àti gàrí lọ́jà. Abẹ́ àtẹ ni ọmọkùnrin rẹ̀ máa ń jókòó sí, tí yóò máa to agolo tí ìyá rẹ̀ fi ń wọn ọjà léra wọn. Kò sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà kan, ó lo ọjọ́ 21 níbẹ̀, ó sì padà wálé pẹ̀lú àpá okùn ní ọrùn ẹsẹ̀. Ilé-ìwé aládàáni kan gba owó sáà kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 wọ́n ní kí ó wá mú ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ sọ fún un lójú gbogbo ẹbí pé, "Ìwọ ni o bí i, ìwọ ni o mọ ibi tí o ti rí i."

Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìsìn, ó wọlé wá sí ọ́fíìsì mi. Ó kúnlẹ̀, mo ní kí ó dìde, kò dìde. Ó ní, "Dádì, gbogbo ibi tí mo ń lọ ni wọ́n ti ń gbàdúrà fún mi. Lónìí, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wá ilé-ìwé."

A gbàdúrà síbẹ̀, nítorí èmi kò mọ bí a ṣe ń ṣe ohunkóhun láìgbàdúrà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ajé, èmi àti ìyàwó mi tẹ̀lé e jáde. Ilé-ìwé mẹ́ta ni a dé. Ẹ̀kẹta, ilé-ìwé ìjọba, ní kíláàsì kan fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ méjì ni ènìyàn yóò wọ̀ kí ó tó débẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní àwọn yóò máa san owó ọkọ̀ náà, láti ìgbà náà sì ni wọ́n ti ń san án.

Olùkọ́ kíláàsì náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán kọ́ ọmọ náà. Ó ya ife omi sí orí páálí kan, ó ya àwo oúnjẹ sí òmíràn. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ìyá rẹ̀ ń wọn gàrí fún oníbàárà lọ́jọ́ kan, ọmọ náà dìde lábẹ́ àtẹ, ó sì fi páálí omi lé e lọ́wọ́. Ó sọ fún ìyàwó mi pé òun fi oníbàárà sílẹ̀, òun sì bú sẹ́kún. Ọdún 7 ni ó ti ń méfò ohun tí ọmọ rẹ̀ ń fẹ́. Títí di òní ọmọ náà kò tíì sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ń béèrè.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

1. Ẹ jẹ́ kí a dẹ́kun bíbéèrè ẹni tí ó fà á. Olúwa wa ti dáhùn ìbéèrè náà.

2. Bí ọmọ bá pé ọmọ ọdún 2 tí kò sọ̀rọ̀, tí kò nàka, tí kò dáhùn orúkọ rẹ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ pé ọmọkùnrin máa ń pẹ́ sọ̀rọ̀ tu ara yín nínú. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ wò, kí wọ́n sì yẹ ìyókù wò.

3. Àdúrà kò nílò okùn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí a de ọmọ, kí a nà án, tàbí kí a fi ebi pa á kí ó lè gba ìdáǹdè, ẹ gbé ọmọ yín kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni.

4. Ẹ̀yin bàbá, ọmọ yín ni. Kì í ṣe ti ìyá rẹ̀ nìkan.

5. Ẹ mọ òfin. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó lòdì sí fífi ẹ̀tọ́ àwọn tí ó ní ìpèníjà dù wọ́n ní Nàìjíríà. Ó sọ pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ìparí ilé-ìwé girama. Òfin tí ó wà nínú ìwé kò lè dá rìn, àfi kí àwa òbí àti ìjọ máa rán àwọn aláṣẹ létí. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

6. Nínú ìjọ, ẹ fi àyè kan sílẹ̀ tí ó jìnnà sí sípíkà. Ẹ sọ fún àwọn ọ́ṣà pé kí wọ́n má lé ọmọ tí ń ké jáde. Kí arábìnrin kan bá ìyá náà mú ọmọ fún wákàtí kan, kí òun náà lè gbọ́ ìwàásù.

Ìbéèrè kan wà tí gbogbo ìyá irú ọmọ yìí máa ń bi mí ní ìkọ̀kọ̀: "Bí mo bá kú, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀?" Èmi kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìbéèrè náà mọ́lẹ̀. Ruth Sullivan dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ó kọ́ àwọn ènìyàn, ó sì jà fún òfin, kí ó má baà jẹ́ pé ẹ̀mí òun nìkan ni ìtọ́jú ọmọ òun so mọ́. Ìjọ ni ó yẹ kí ó jẹ́ apá kan ìdáhùn náà fún àwọn ìyá tiwa. Bí a bá ń pe ara wa ní ìdílé Ọlọ́run, a kò lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ìdílé fún ọmọ náà ní ọjọ́ tí a bá sin ìyá rẹ̀. Òní ni kí a bẹ̀rẹ̀.

Kí Olúwa fún gbogbo ìyá tí ń gbé irú ẹrù yìí ní okun ọ̀tun. Kí Ó sì fún àwa yòókù ní ọwọ́ tí a ó fi bá wọn gbé e. Àmín.